Àmì Wo Ló Yẹ Oríta Àdúgbò Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta)

Kíkí tí a ń kí ara wa pé "ẹ kú ewu ọ̀nà" ti tó láti fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ pé ewu wà lọ́nà, kí ọkọ̀ tó dé rárá.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé èmi tí ẹ mọ̀ mọ́ ìwé owó àti ìwé ìfipamọ́ ni mo dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ àmì ojú títì. Inú ìwé ìpàdé yín ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ pé kí a yọ owó, kí a fi ri pátákó "STOP" sí iwájú ilé ìwé. Ẹgbẹ́ kejì ní bọ́ǹpù ni ó dára jù. Ẹgbẹ́ kẹta ní kí ìjọba wá gbé iná tí ń darí ọkọ̀ síbẹ̀, bí ìjọba kò bá sì ṣe é, àwọn kò dá sí i mọ́. Ire ni gbogbo wọn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní oríta yìí gan-an, ta ni ó ni ọ̀nà náà, àmì wo ni ó sì bá àìsàn rẹ̀ mu?

Ọ̀rọ̀ oríta kì í ṣe àtojúbọ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Ìlànà keje nínú àwọn ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbáyé fọwọ́ sí ní ìlú Manchester ní ọdún 1995, sọ pé kí ẹgbẹ́ máa bìkítà fún àwùjọ tí ó wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìyá tí ó jókòó ti ọmọ tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kò lè lọ sí ọjà, ẹni tí kò bá sì lọ sí ọjà, owó oṣù rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yóò dúró. Ohun tó bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan ní oríta, kò ní pẹ́ kó tó dé inú ìwé owó wa.

TA NI Ó NI Ọ̀NÀ NÁÀ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ní ní ilẹ̀ Nàìjíríà: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀, àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, bí oríta yín bá jẹ́ ibi tí òpópónà àdúgbò méjì ti pàdé, ọ̀dọ̀ káńsù ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ọ̀nà ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, ẹni tí ó ni ọ̀nà náà ni ẹ ó kọ̀wé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí káńsù.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 náà wà níbẹ̀. Òfin tí ó gbé àjọ náà ró fi í ṣe iṣẹ́ wọn láti máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ibi tí ó yẹ kí a ṣe ohun tí yóò dín ìjàǹbá kù. Ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wo oríta náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá pátákó rì fúnra yín. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nídìí pátákó tí kò ní ìwé, ta ni yóò dáhùn? Akọ̀wé tó kọ ọ́ ni, tàbí akápò tó sanwó rẹ̀?

ÌRÍSÍ ÀMÌ ÀTI ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Kì í ṣe ẹni tó mọ̀wé nìkan ni ó lè ka àmì ojú títì. Ìrísí rẹ̀ ní í sọ̀rọ̀. Èyí tó rí róbótó tí etí rẹ̀ pupa, èèwọ̀ ni: má ṣe é. Èyí tó jẹ́ onígun mẹ́ta tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, ìkìlọ̀ ni: ohun kan ń bẹ níwájú. Onígun mẹ́rin máa ń júwe nǹkan fún ni.

Méjì wà tí a yà sọ́tọ̀ láàárín wọn, àwọn méjèèjì ni ó sì kan oríta jù. Ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́jọ tí ó pupa: "dúró" ni. Èkejì jẹ́ onígun mẹ́ta tí ó dorí kodò: "fún un láàyè" ni, ìyẹn ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ rọra, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú ọ̀nà ńlá kọjá, kí ó tó wọlé. A fún wọn ní ìrísí tiwọn kí ènìyàn lè dá wọn mọ̀ láti ẹ̀yìn, bí ẹrọ̀fọ̀ tilẹ̀ bò wọ́n, bí lẹ́tà ara wọn tilẹ̀ ti parẹ́.

Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ri àmì "dúró" mọ́lẹ̀ ní ọdún 1915, funfun ni ó sì jẹ́ nígbà náà. Ní ọdún 1923 ni wọ́n dábàá onígun mẹ́jọ. Lẹ́yìn èyí ó di oníyẹ́lò, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1954 kí ó tó di pupa, nítorí wọn kò tètè rí ọ̀dà pupa tí oòrùn kò ní pa láró. Ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Bí oòrùn ibẹ̀ bá lè pa ọ̀dà wọn, ti ilẹ̀ wa ń kọ́? Pátákó tí a fi ọ̀dà lásán kùn yóò ṣá. Èyí tí ojú rẹ̀ máa ń dán bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i lóru ni ó lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ẹ KÀ Á KÍ Ẹ TÓ RÌ Í

Ẹgbẹ́ wa kì í yá ènìyàn lówó láì wo ìwé ìfipamọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi ri àmì mọ́lẹ̀ láì wo ìwé oríta? Bí kò bá sì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa ni a ó kọ ọ́.

Ẹ yan ènìyàn méjì-méjì. Ẹ fún wọn ní ìwé àjákọ àti bírò. Kí wọ́n jókòó sí ibi tí ọkọ̀ kò lè dé, láti aago méje sí mẹ́jọ òwúrọ̀, nígbà tí ilé ìwé bá ń jáde lọ́sàn-án, àti ní ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n ka ọkọ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Maruwa tó gba apá kọ̀ọ̀kan wọlé. Kí wọ́n ka àwọn tó fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n ya ọmọdé sọ́tọ̀. Kí wọ́n sì kọ gbogbo ìgbà tí orí kó ènìyàn yọ sílẹ̀, ìyẹn ìgbà tí bíréèkì han gooro tàbí tí ẹni tó ń rìn fò sẹ́yìn, àti apá ibi tí ọkọ̀ náà ti wá. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ ní ẹnu oríta, kí ó wò ó bóyá òun rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Kí ẹ tún padà lọ lóru.

Mo jókòó rí nínú ìpàdé kan tí ọ̀rọ̀ oríta fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Àwọn olùkọ́ inú ẹgbẹ́ fẹ́ "dúró" ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oríta. Àwọn oníṣòwò kọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ yóò tò síwájú ìsọ̀ àwọn. Àwọn kan ti ń sọ pé àwọn yóò gba owó àwọn kúrò. Nígbà tí wọ́n gbà láti kà á, ìwé àjákọ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Láti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo ewu ti ń wá. Ìsọ̀ onípákó kan wà ní igun ibẹ̀, awakọ̀ tó bá gba apá náà bọ̀ kò lè rí ọmọdé títí tí imú ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi yọ sí títì.

Ìyá opó kan nínú ẹgbẹ́ ni ó ni ìsọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí owó oṣù rẹ̀ san. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ó rọrùn láti ní kí káńsù wá wó o. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn béèrè pé bí òun bá kúrò ní igun, ta ni yóò máa ra ọjà òun? Ìpàdé jókòó lé e lórí. Wọ́n wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ máa ń wà, ẹgbẹ́ sì san owó gbẹ́nàgbẹ́nà àti owó àtiko ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni káńsù wá ri àmì "dúró" kan ṣoṣo sí ẹsẹ̀ tí ó ní ewu náà. Kò sí ẹni tí ó gba gbogbo ohun tó fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a fi ṣe ìrúbọ.

ÈYÍ TÓ FÚYẸ́ JÙ TÓ SÌ LÈ ṢIṢẸ́ NI KÍ Ẹ MÚ

Bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹni ń gun àkàbà.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ojú ríran. Ẹ gé igbó, ẹ bẹ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ sí igun títì kí wọ́n sún un, ẹ ní kí onípátákó ìpolówó wá gbé tirẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ òwúrọ̀ Sátidé kan lè tó.

Èkejì ni àmì ìkìlọ̀, pé ilé ìwé tàbí oríta wà níwájú. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ìkìlọ̀ tí a rì sí ẹnu oríta gan-an ti pẹ́ jù. Kí ó ti òkèèrè wá.

Ẹ̀kẹta ni "fún un láàyè", fún ọ̀nà kékeré tí awakọ̀ rẹ̀ ti ń rí ọ̀nà ńlá dáadáa kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni "dúró", fún ọ̀nà kékeré tí awakọ̀ rẹ̀ kò lè ríran àfi bí ó bá dúró pátápátá.

Ẹ̀karùn-ún ni "dúró" ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọmọ wa tó ti gbé ní Amẹ́ríkà tàbí Gúúsù Áfíríkà mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹni tó kọ́kọ́ dúró ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ibi tí ọkọ̀ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà ni bọ́ǹpù. Ó ń dín eré kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ǹpù tí a ṣe ga jù, tí a kò sì kùn, pańpẹ́ ni fún ọlọ́kadà lóru, ó sì lè dá omi òjò dúró sí ẹnu ọ̀nà onílé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀nà ní káńsù ni kí ó wọ̀n ọ́n.

Ìkeje ni iná tí ń darí ọkọ̀. Ní ìlú London, ní ọdún 1868, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan tí ń lo gáàsì sí ẹ̀bá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ó bú gbàmù, ó sì ṣe ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ léṣe. Tiwa kò ní bú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ kò yí padà: ohun tí a kò bá lè tọ́jú, kí a má tíì gbé e wá. Iná tí kò tàn ní oríta máa ń sọ gbogbo awakọ̀ di ọ̀gá.

ÀMÌ TÍ A KÒ KÀ SÍ

Àwọn kan yóò béèrè pé: "Alábẹ̀wò, kí ló burú bí a bá ri 'dúró' síbi gbogbo? Ṣé ààbò kì í pọ̀ jù ni?" Ìdáhùn sí èyí ni ìdí tí mo fi dìde lónìí.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà ti rí i pé a kì í fi àmì "dúró" wo àìsàn eré àsápajúdé. Awakọ̀ tí a dá dúró láìnídìí yóò sáré sí i láàárín àmì kan sí èkejì, kí ó lè gba àsìkò rẹ̀ padà. Bí ó bá sì dúró lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò rí ẹnikẹ́ni, kò ní dúró lẹ́ẹ̀kọkànlá.

Ẹ wá wo apá kejì. Ọmọdé tí a ti kọ́ pé ọkọ̀ máa ń dúró níbi àmì pupa ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sí títì. Àmì ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Láàárín ìgbẹ́kẹ̀lé ọmọdé àti àìkàsí awakọ̀ ni ikú ti ń ráyè wọlé. Bí kò bá sí àmì rárá, ọmọ náà ì bá wo ọ̀tún, ì bá wo òsì. Nítorí náà, àmì tí a kò kà sí burú ju àìsí àmì lọ, nítorí ẹni tó gbà á gbọ́ ni ó ń pa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí awakọ̀ tó rí ọmọdé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti rin mítà 14 náà, èyí tó gùn ju bọ́ọ̀sì ńlá kan lọ, ọkọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 30 ni ó ń sá, nǹkan bí mítà 8 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ̀ bóyá eré ni àìsàn oríta wa, tàbí àìríran. Oògùn wọn kò jọra.

BÍ A Ó ṢE FẸNU KÒ

Àwọn àgbà tó wà níjókòó yóò rántí ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972, ọjọ́ tí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Kì í ṣe pátákó nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ti kéde rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ṣáájú kí ọjọ́ náà tó pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oríta àdúgbò. Àmì tí àwọn awakọ̀ kò bá wa jókòó pinnu, àlejò ni yóò jẹ́ lójú wọn.

Nítorí náà, ẹ pe àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà, ọ̀gá ilé ìwé, àwọn onílé, àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ pe afọ́jú àti arọ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí wọ́n mọ oríta náà ju ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ. Kí a ka ohun tó wà nínú ìwé àjákọ sí etí gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó dá àbá. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan ni. Kí olówó má fi owó rẹ̀ ra igun oríta. Kí ẹ sì dá oṣù tí ẹ ó tún padà lọ kà á. Bí ewu kò bá dín kù, ẹ gun àkàbà sókè díẹ̀ sí i.

Ní ti owó, ẹ mọ̀ pé ìdámẹ́rin èrè ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sínú àpò ìpamọ́. Owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe èrè; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ra òpó. Ohun tí a bá fẹ́ ná fún àwùjọ, láti inú èrè tó kù ni, pẹ̀lú ìpinnu ìpàdé gbogbogbòò àti àṣẹ tí òfin ń béèrè, kí ìwé rísíìtì rẹ̀ sì wà. Kí ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ̀dà àti ìtọ́jú. Ẹ yan ẹni tí yóò máa nu ojú àmì lóṣooṣù, tí yóò sì máa gé ẹ̀ka igi tó bá bò ó.

Mo ti fẹ́ jókòó. Kí ìpàdé oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ tó pé, mo bẹ gbogbo ẹgbẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ oríta nínú ìwé ìpàdé rẹ̀ kí wọ́n ṣe ohun mẹ́ta: kí wọ́n mọ ẹni tó ni ọ̀nà, kí wọ́n fi òwúrọ̀ mẹ́ta kà á, kí wọ́n sì mú ìwé àjákọ náà wá síbí. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà náà, kí n tó béèrè ìwé owó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.